Ìyá Àgbà Tó Jókòó Sẹ́yìn Kíláàsì

Bí a bá ń ka àwọn olórí kunkun abúlé Ìdí-Apá ní ilẹ̀ Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, lójú ọ̀nà tó lọ sí Bẹsẹ, Madeleine là á kọ́kọ́ kà, ká tó wá máa wá ẹni tí yóò ṣe ìkejì. Kì í ṣe aláriwo o. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì ju ohùn ẹni tó ń pe adìẹ wọlé lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní òun kò ṣe nǹkan, kí ẹni tó ń rọ̀ ọ́ yáa wá ibi jókòó sí, torí ilẹ̀ yóò ṣú bá a lórí ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí, tí àwọn ẹbí ní kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó, ó ní òun kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń pín. Wọ́n ní bó bá kọ̀, kó kúrò nínú oko kajú tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbìn. Ó ká ẹní, ó gbé omi, ó lọ tẹ́ ẹní náà sábẹ́ igi kajú tó tóbi jù. Ibẹ̀ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn àgbà, tí wọ́n ní ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀ ká rójú ṣe nǹkan mìíràn. Oko náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Agídí náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí Madeleine ṣì kéré, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà, bàbá rẹ̀ mú un fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìgboro Ṣábẹ, níbi tí àwọn àpáta ńlá ti ń wo òrùlé ilé. Wọ́n ní yóò lọ sílé ìwé. Ilé ìwé náà, òkèèrè ló ti ń wò ó, pẹ̀lú igbá èkuru lórí. Ó ń pọnmi, ó ń gúnyán, ó ń kiri. Lọ́jọ́ tó jẹ́ kí ẹ̀wà jóná, àǹtí náà fi ṣíbí gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní èjìká. Ọmọ náà sá. Ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà dé Ìdí-Apá. Ìyá rẹ̀ fi òrí pa á lára, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ wo ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ó ní ìyà ló ń mú ọmọ gbọ́n, ìgbà tó sì di ọjọ́ kejì, ó fà á lọ́wọ́ padà sí Ṣábẹ.

Madeleine máa ń sọ pé iná náà kò dun òun tó ọwọ́ bàbá òun tó mú òun padà.

Nígbà tí òun náà bímọ, ó sọ ọ́ létí ìyá ọkọ, ó sọ ọ́ létí gbogbo agbo ilé, pé kò sẹ́ni tí yóò na ọmọ òun, òun pẹ̀lú kò ní nà wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó ní kíkọ́ ni òwe sọ, kò sọ nínà. Ọmọ mẹ́ta ló tọ́ dàgbà. Àkọ́bí ń mọlé ní Parakou. Flora tó tẹ̀ lé e ń ta aṣọ ní ọjà Glazoué. Èyí àbíkẹ́yìn ya ọ̀lẹ díẹ̀, a ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ pọ̀ nílé àwọn tó ń fi ẹgba jí ọmọ pẹ̀lú.

Flora ló mú ọmọbìnrin rẹ̀, Ẹ̀bùnolúwa, wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, torí ọjà kì í jẹ́ kó gbélé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Òsì ló fi ń ju òkò sí máńgòrò, òsì ló fi ń gbálẹ̀, òsì náà ló sì fi ń kọ̀wé. Madeleine kọ́ ọ pé ọ̀tún la fi ń kí àgbà, ọ̀tún la fi ń jẹun. Èyí tó kù, ó fi sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá tó dá ọwọ́ méjèèjì.

Lásìkò tí kajú ń já, Ẹ̀bùnolúwa dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì ju àpò rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó rọra jókòó ti oúnjẹ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú aṣọ.

“Mú ọwọ́ yẹn wá kí n rí i,” ni Madeleine wí.

Ìka àárín ti wú, ó ti dúdú, kò ṣeé fọwọ́ kàn.

“Mo ṣubú ni, Ìyá Àgbà.”

Madeleine kò bá a jiyàn. Ó ránṣẹ́ pe Salifou tó ń gun zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, ó gbé ọmọ náà sáàárín, wọ́n gba ilé ìwòsàn Bẹsẹ lọ. Obìnrin tó ń ṣètọ́jú níbẹ̀ tẹ ìka náà jẹ́jẹ́, ó ní egungun ti sán. Ó fi pátákó kékeré tì í, ó fi aṣọ funfun dì í. Ó bi ọmọ náà pé kí ló ṣe é. Ọmọ náà tún ní òun ṣubú. Obìnrin náà wo Madeleine, Madeleine náà wò ó. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tó ṣubú kì í fi ìka kan ṣoṣo balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Madeleine kò jẹ́ kí ọmọ náà lọ sílé ìwé. Ó mú un lọ sóko. Ọmọ náà ń fi ọ̀tún ṣa kajú, ó ń lọ́ tìkọ̀. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n mu omi. Madeleine kò bi í léèrè ohun kankan. Ó kàn tú bùbá rẹ̀ sílẹ̀ ní èjìká, ó fi ojú àpá rẹ̀ hàn án, ó sì sọ ìtàn ṣíbí náà fún un látòkè délẹ̀.

Ẹ̀bùnolúwa fi ìka kan àpá náà. “Ṣé ó ṣì ń dùn yín?”

“Kò dùn mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo sọ ọ́, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì mú mi padà. Bí ìwọ bá sọ tìrẹ fún mi, èmi kò ní mú ọ padà.”

Ọmọ náà ń yí èso kajú kan lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́. Mẹ́tìrì ló ṣe é. Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pe olùkọ́ lágbègbè náà. Ó ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kó yé fi òsì kọ̀wé. Lánàá ó ní kó kó ìka jọ bí ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀, ó sì fi igi ìfàlà lù ú. Nígbà tó sunkún, ó tún lù ú, ó ní torí pé ó sunkún ni.

“Wọ́n ní bí mo bá sọ nílé, màá tún jẹ òmíràn.”

“O ti sọ ọ́ nílé,” ni Madeleine wí. “Ó ku èmi àti wọn.”

Kò gba ilé mẹ́tìrì lọ. Ọ̀dọ̀ Alassane ló kọ́kọ́ yà sí, torí òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn òbí, ó sì jù ú lọ́jọ́ orí. Bàbá náà ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fetí sílẹ̀ dópin, ó mi orí.

“Ìyá Flora, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣùgbọ́n wo ó, ọwọ́ òsì ni. Ta ló ń na òsì síta láwùjọ? Olùkọ́ ń bá wa tọ́ ọmọ ni. O sì mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, a ó fi ìkejì fà á mọ́ra.”

“Bàbá, ẹ sọ òwe náà pé. Ọ̀tún ni òwe fi bá ọmọ wí. Òsì ló fi fà á mọ́ra. Òsì yẹn náà ni mẹ́tìrì ṣẹ́.”

Alassane fi ọ̀bẹ sílẹ̀. “Mélòó ni ọdún tí a fi ń bẹ ìjọba kí wọ́n tó fún wa ní olùkọ́? Bí èyí bá bínú lọ, ilé ìwé yóò di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Mú adìẹ kan lọ bá a. Bẹ̀ ẹ́ kó máa fọwọ́ rọra mú ọmọ rẹ.”

“Ẹni tó ṣẹ́ ọmọ mi níka ni kí n mú adìẹ fún?”

Ó kúrò níbẹ̀, ó mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dirẹkitọ̀, ọ̀gá ilé ìwé. Moustapha lorúkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ojú tì í nígbà tó rí ìka tí wọ́n dì. Ó ní òfin orílẹ̀-èdè kò fàyè gba kí olùkọ́ na ọmọ, àwọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní kíláàsì kan lé ní àádọ́rin, olùkọ́ náà sì kéré lọ́jọ́ orí, Pobè ló ti wá, ibí ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. “Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa, Ìyá. Màá bá a sọ̀rọ̀.”

“Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, ṣé kò ní nà wọ́n mọ́?”

Moustapha wo tábìlì rẹ̀.

“Ó dáa,” ni Madeleine wí. “Ẹ óò máa rí mi.”

Nígbà tí agogo lù láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Madeleine gbé àpótí lérí, ó mú igbá ẹ̀gúsí dání, ó tẹ̀ lé Ẹ̀bùnolúwa wọ kíláàsì. Ó lọ gbé àpótí náà kalẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gúsí.

Mẹ́tìrì náà, Ọlámilékan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ló wọlé tó bá a níbẹ̀. Ó kí i, torí ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

“Ìyá, ẹ káàárọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?”

“Kò sí, mẹ́tìrì. Mo wá jókòó ni.”

“Ẹ wá jókòó?”

“Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

“Ìyá, kíláàsì lèyí. Àgbà kì í jókòó síbí.”

“Ẹ̀yin kì í ha ṣe àgbà?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Ọlámilékan ti dé ibi igi ìfàlà lórí tábìlì kó tó rántí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó fi í sílẹ̀. Ó kọjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Madeleine kò gbin. Ariwo ẹ̀gúsí tó ń là lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan lẹ ó gbọ́. Bí ọmọ kan bá ṣì í ṣe, mẹ́tìrì á mí kanlẹ̀, á wo ẹ̀yìn, á sì tún un sọ. Lọ́jọ́ náà, kò na ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kàmál, ọmọ Bachirou aládùúgbò Madeleine, sá tẹ̀ lé e, ó ní, “Ìyá Àgbà, ṣé ẹ óò tún wá lọ́la?”

Ó wá lọ́la. Ó wá lọ́túnla. Dirẹkitọ̀ ní kó máa lọ sílé, ó kí dirẹkitọ̀, ó jókòó. Mẹ́tìrì kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó jókòó. Nígbà tí ẹ̀gúsí tán, ó gbé ẹ̀pà wá.

Abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti ń dà á láàmú. Wọ́n ní ó fẹ́ lé olùkọ́ lọ. Àwọn obìnrin kan ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ààrò ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, Alassane pe ìpàdé sábẹ́ igi, lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ ti dé láti ilé ìsìn. Ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Wọ́n fi Madeleine sáàárín.

“Ìyá Flora,” ni Alassane wí, “mẹ́tìrì ti ní òun yóò sọ kí wọ́n gbé òun kúrò níbí. O dójú tì í. Ohun tí abúlé fẹ́ kò le. Lọ kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́, kí o sì yé lọ jókòó síbẹ̀.”

Kó tó dáhùn, Bachirou dìde. Àgbẹ̀ ni, apá rẹ̀ le bí odó, kò sì tíì pé ogójì ọdún.

“Ìyá Flora, ẹ má bínú sí mi. Àwa yìí, ṣé wọn ò nà wá ni? Wọ́n nà wá bí ẹni pa ẹ̀wà, a sì di ènìyàn. Èmi gan-an ti sọ fún mẹ́tìrì pé bí Kàmál bá ṣe àṣìṣe, kó má wojú mi kó tó nà án.”

Madeleine wò ó títí, débi pé ó fẹ́ jókòó padà.

“Bachirou, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ fi okùn kànga nà ọ́, ta lo sá tọ̀ wá?”

Bachirou fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

“Mò ń bi ọ́ ni.”

“Ẹ̀yin ni.”

“Níbo lo wọ̀ sí?”

“Abẹ́ ibùsùn yín.”

“O rántí ohun tí o sọ fún mi lábẹ́ ibẹ̀?”

Bachirou yí ojú sí ọ̀nà oko. Ó ń fi ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó mumi.

“Tìẹ ni, n kò ní sọ ọ́ síta,” ni Madeleine wí. “Ṣùgbọ́n má tún sọ ọ́ létí mi pé ẹgba ló sọ ọ́ di ènìyàn. Èmi wà níbẹ̀, mo rí ọ. O ti jẹ́ ènìyàn kí wọ́n tó nà ọ́.”

Madeleine dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

“Ẹ ní kí n kúnlẹ̀. N kò ní kúnlẹ̀. Bí mẹ́tìrì bá fẹ́ lọ, kì í ṣe èmi ni mo dì í lẹ́rù. Èmi kò bú u, n kò fọwọ́ kàn án, n kò lọ sílé rẹ̀. Mo jókòó ni. Bí ìjókòó obìnrin àgbà kan bá lè lé olùkọ́ kúrò lábúlé, a jẹ́ pé ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n dìde, kó wá gbé mi.”

Ó rìn gba àárín wọn kọjá, ó lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló wọ zẹ́mì lọ sí ìgboro Ṣábẹ, sí ibi iṣẹ́ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ìdílé. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Adérónkẹ́ ló dá a lóhùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bi í pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n yọ olùkọ́ náà níṣẹ́ ni.

“Mo fẹ́ kó kọ́ ọmọ,” ni Madeleine wí. “Mo sì fẹ́ kó má na ọmọ. Ṣé méjèèjì wúwo jù fún ènìyàn kan ni?”

Adérónkẹ́ ní kò wúwo jù. Ó ṣèlérí pé àwọn óò wá. Madeleine ti mọ ohun tí ìlérí ibi iṣẹ́ ìjọba ń jẹ́, kò dúró dè é. Ó padà sórí àpótí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kajú kì í dúró de ẹnìkan. Èyí tó já sílẹ̀ ti ń bàjẹ́ lóko. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Madeleine kò rí bí yóò ṣe dúró mọ́, Samiratou, obìnrin kan tí ilé wọn fara kanra, wá bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìdí ààrò ni òun náà ti máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ìyá, ẹ lọ ṣa kajú yín. Ẹ fún mi ní àpótí yẹn.”

“Kí ni ọkọ rẹ yóò wí?”

“Ohun tó bá wù ú ni kó wí. Ọmọ mi wà ní kíláàsì náà.”

Samiratou jókòó lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, kò sí ọjọ́ tí àgbà kan kì í sí lẹ́yìn kíláàsì, èyí tó ń ran òwú, èyí tó ń pa ẹ̀pà. Samiratou sì kàwé díẹ̀ kó tó lọ́kọ. Nígbà tí jíjókòó lásán sú u, ó sún mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò rí pátákó dáadáa, ó ń fi ìka tọ́ka lẹ́tà fún wọn. Mẹ́tìrì rí i, kò dá a dúró.

Lásìkò ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọlámilékan wá bá Madeleine lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi igi kékeré fa ilà sí iyẹ̀pẹ̀.

“Ìyá, ẹ rò pé ìkà ni mí.”

“N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀.”

“Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tó mọ níwọ̀n. Wọn kò kọ́ mi ti ọmọ tó kún bí ẹyẹ ẹ̀ga. Bí ariwo bá ti sọ, á dà bíi pé gbogbo abúlé ń gbọ́ pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Ojú á tì mí, inú á bí mi. Ọwọ́ mi á ti gbé igi kí n tó mọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó wò ó bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. “Òsì lèmi náà ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n nà án kúrò lọ́wọ́ mi.”

Madeleine dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ohun tó ti ń retí. Àánú ọmọkùnrin náà ṣe é, ó sì bínú sí àánú náà, kò sì jẹ́ kó lé òun kúrò lójú ọ̀nà.

“Ó yé mi, ọmọ mi. Ó yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n pé nǹkan yé mi kò ní kí n gbà á. Bàbá mi náà ní ìdí tó fi mú mi padà. Àǹtí mi náà, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ kó tó fìyà jẹ mí. Bí oníkálukú bá ń ka ìdí tirẹ̀, ọmọ ni gbogbo ìdí náà yóò máa balẹ̀ sí lórí. Ìwọ ni àgbà nínú yàrá yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè bá ọ ṣe é.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n máa ṣe, nígbà tí wọ́n bá ń pariwo?”

“Èmi kò mọ iṣẹ́ rẹ. Ohun tí o kò ní ṣe ni mo mọ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni kò tó ọ, sọ. Ọwọ́ pọ̀ lábúlé yìí.”

Ọlámilékan ju igi náà nù, ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, ó pín àwọn ọmọ náà sí agbo agbo, ó ní kí Samiratou bá òun mú agbo kan lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí òun bá ń mú ìyókù nínú ilé. Ó kọ́ wọn ní àtẹ́wọ́ kan. Bí òun bá pa á, wọ́n á pa tiwọn, ariwo á sì rọlẹ̀. Kì í rọlẹ̀ nígbà gbogbo. Ọjọ́ wà tí ó máa ń jáde síta, á dúró sínú oòrùn títí ojú rẹ̀ á fi balẹ̀, kó tó wọlé padà.

Adérónkẹ́ dé níkẹyìn, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Ó bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó ka òfin fún wọn, ó sọ fún Ọlámilékan níwájú dirẹkitọ̀ pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, yóò rojọ́ níbi tó ga ju ibí lọ. Ó pe àwọn òbí náà. Ó sọ fún wọn pé ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ohun tí a ń kọ́ ọ, ọwọ́ olùkọ́ ló máa ń wò. Alassane bi í pé ṣé ìjọba ló fẹ́ wá máa bá wọn tọ́ ọmọ ni. Adérónkẹ́ ní rárá, ẹ̀yin lẹ óò tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní ṣẹ́ ẹ. Àwọn kan kùn. Àwọn kan wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ funfun kúrò lọ́wọ́ Ẹ̀bùnolúwa, ìka náà ti jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀. Obìnrin ilé ìwòsàn ní bẹ́ẹ̀ ni yóò wà. Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu ìwé kíkọ, mẹ́tìrì ní kí ẹnìkan wá kọ gbólóhùn kan sí pátákó. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Ẹ̀bùnolúwa dìde fúnra rẹ̀. Madeleine wà lórí àpótí lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà mú ẹfun. Òsì ló fi mú un.

“Òsì, òsì,” ni àwọn ọmọ iwájú ń sọ lábẹ́ ẹnu.

“Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́,” ni Ọlámilékan wí.

Ó kọ ọ́, ó lọ́ra, lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó parí, mẹ́tìrì lóṣòó níwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba.

“Ẹ̀bùnolúwa, mo ṣe ọ́ léṣe. Kò yẹ kí n ṣe é. Mi ò ní ṣe é mọ́, sí ìwọ àti sí ẹnikẹ́ni níbí.”

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fi ẹfun sílẹ̀, ó padà sáàyè rẹ̀. Lọ́nà ilé, ó bi ìyá àgbà rẹ̀ pé ṣé ó yẹ kí òun ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹ́tìrì. Madeleine ní kò yẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mẹ́tìrì sọ, gbèsè tirẹ̀ ló san, kò sí ẹ̀bùn nínú rẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún.

A ò ní sọ pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin. Alassane kì í kí Madeleine tààrà mọ́, ó máa ń kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgba ṣì wà nínú àwọn ilé kan, a máa ń gbọ́ ọ láti ìta, Madeleine a sì máa lọ kan ilẹ̀kùn náà, á ní òun wá tọrọ iná. Wọ́n mọ̀ pé iná wà nílé rẹ̀. Ọkọ Samiratou bínú fún oṣù kan gbáko, ó sì gbé ìbínú náà sọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọlé ara ọkọ̀ fún un.

Bachirou kò bá Madeleine sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìpàdé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbé iṣu dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, kò jókòó.

“N kò na Kàmál mọ́. Kì í ṣe pé ẹ ṣẹ́gun mi o.”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Inú ṣì máa ń bí mi.”

“Èmi náà, ó máa ń bí mi lójoojúmọ́. Jókòó, jẹ́ kí n bu omi fún ọ.”

Ó jókòó.

Lẹ́yìn ìsinmi ọdún, nígbà tí ilé ìwé tún ṣí, wọ́n gbé olùkọ́ tuntun kan wá fún kíláàsì kejì. Wọ́n ní ó le, wọ́n ní láti ibi tó ti wá, ó lókìkí. Dirẹkitọ̀ sọ fún Madeleine pé kó má ṣèyọnu, ó ti ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kó máa sinmi nílé. Madeleine dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà ilé tí wọ́n fún olùkọ́ náà. Ọkùnrin náà ń sọ̀ ẹrù kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, mẹ́tìrì,” ni Madeleine wí. “Madeleine lorúkọ mi. A kì í na ọmọ níbí.”